Èló Lowó Ọkọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìnàjò Nínú Ewì Wa

Gbogbo wa la mọ̀ pé àrìnjìnnà ní í jẹ́ kí á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí ò jìnnà sẹ́nu àwa akéwì inú ẹgbẹ́ yìí rárá. Ìjókòó ìkàwé wa mẹ́ta tó kọjá, kò sí èyí tí mi ò ti gbọ́ ọ. Ohun tí mò ń wá tí mi ò rí ni ọ̀kẹ́rẹ́ náà gan-an. Ibo ló wà? Orí igi wo? Ta ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i? Ṣé ó ń jẹun ni àbí ó ń sá? Kò sẹ́ni tó sọ. Akéwì á ti gbéra nílé, á ti rìn jìnnà, á sì ti padà dé láti wá gbà wá nímọ̀ràn, láìwọ mọ́tò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà.

Ẹ̀sùn tí mo gbé wá síwájú yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ewì wa, ọ̀nà kì í ṣe ọ̀nà mọ́. Ayé ni. Afárá á di ikú, oríta á di àyànmọ́, ẹrù orí èrò á di ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ò ní kí á má lo àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ o. Ẹni tó bá ní kí Yorùbá má fi ọ̀nà wé ayé mọ́, onítọ̀hún fẹ́ kí á panu mọ́ ni. Ṣùgbọ́n àfiwé máa ń dùn nígbà tí ohun tí a fi wé nǹkan bá ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò tíì sọ fún mi bí Ògèrè ṣe rí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà àti táńkà epo ti máa ń tò lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́bàá títì, kí ló fẹ́ fi Ògèrè wé tó máa yé mi?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ewì ìrìnàjò tí mo bá ti gbọ́ ọ: èló lowó ọkọ̀? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ewì tó bá mọ iye owó ọkọ̀, ó mọ ọdún tí òun wà. Ó mọ ẹni tó ń ṣèjọba. Ó mọ ẹni tó ráyè jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀, ó sì mọ ẹni tó padà sílé láti gáréèjì nítorí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023, nígbà tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Kí oṣù Agẹmọ ọdún náà tó parí, ó ti lé ní ₦600. Nígbà tí 2024 ń lọ sópin, ẹgbẹ̀rún náírà la ti ń sọ. Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ yunifásítì wo ló kù tó lè sọ ní àárọ̀ Sátidé pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo Òkè Olúmọ ká sì padà kílẹ̀ tó ṣú"? Ẹni tó bá kọ ewì nípa Olúmọ láàrin ọdún wọ̀nyí tí kò sì mẹ́nu ba iye tó ná an láti débẹ̀, mo máa ń rò pé orí káàdì ìkíni ló ti rí Olúmọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé òyìnbó ló ń kọ ìwé ìrìnàjò kiri, pé kì í ṣe àṣà wa. Rárá o. Àwọn tó gbé ìwé ìròyìn Yorùbá dìde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti ṣe é kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa àgbà kan. Láàrin ọdún mélòó kan péré ni Eko Akete (1922), Eleti Ofe (1923), The Yoruba News ti Ìbàdàn (1924) àti Akede Eko (1928) jáde. E. A. Akintan tó ni Eleti Ofe àti I. B. Thomas tó ni Akede Eko kì í jókòó sí Èkó lásán. Wọ́n á wọ rélùwéè, wọ́n á wọ lọ́rì, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á wá máa kọ ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́ sí òǹkàwé wọn díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀mọ̀wé Rebecca Jones yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò dáadáa nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2019, At the Crossroads. Ẹni tó bá rí i yá, kó tètè dá a padà kí àwa yòókù náà lè kà á.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sú èèyàn nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni orúkọ. Ta ló gbà wọ́n lálejò, ta ló wá kí wọn, ta ló fún wọn lóúnjẹ, ta ló sìn wọ́n sọ́nà: orúkọ lórí orúkọ, bí ẹni ń ka iye tí kálukú fi ṣe ẹ̀bùn níbi ìnáwó. Ọ̀rọ̀ ọjà wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn á ra ìwé ìròyìn, á tún ra tẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àléébù mìíràn tún wà ńbẹ̀: àwọn olóyè, akọ̀wé, oníṣòwò àti oníwàásù ni wọ́n ń dárúkọ jù. Ẹni tó ru ẹrù wọn kúrò ní ibùdó rélùwéè kì í sábà lórúkọ. Síbẹ̀ náà, ìlú tí èèyàn tó lórúkọ ń gbé ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa. Nínú ewì tiwa, "ará ìlú" ni gbogbo èèyàn, "òǹrorò" ni gbogbo olórí, "ìyà" ni gbogbo obìnrin tó ń ta nǹkan lẹ́bàá títì. Kò sí Ìyá Bọ́sẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí Thomas yìí kan náà ṣe. Òun ló kọ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú Akede Eko láti 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́, pé ó ń ṣàìsàn, pé ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀. Lónìí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè é. Èmi ò rò pé ẹkún Sẹ̀gilọlá ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Èkó tó wà nínú rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó ti mọ́ra láti máa kọ orúkọ àdúgbò àti iṣẹ́lẹ̀ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ ló kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni D. A. Ọbasá, tó jẹ́ olóòtú The Yoruba News, ṣe tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927. Akéwì ni, oníròyìn ni, orí kan náà ló ń gbé méjèèjì. Àwa la wá pín in. Ẹni tó ń ṣe ìròyìn bọ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ẹni tó ń kéwì bọ́ sọ́dọ̀ wa, a ò sì kí ara wa mọ́.

Kí á tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ n béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì lórí Fágúnwà. Ìwé mélòó lẹ mọ̀ pé ó kọ? Gbogbo wa la ó ka márùn-ún lórí ìka: Ògbójú Ọdẹ, Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò, Àdììtú. Ṣùgbọ́n ọdún 1949 tí Igbó Olódùmarè jáde, ọdún yẹn náà ni Ìrìnàjò, Apá Kìíní jáde. Apá Kejì tẹ̀ lé e ní 1951. Ìrìnàjò tí òun fúnra rẹ̀ rìn lọ sí ìlú ọba ló kọ síbẹ̀, kì í ṣe ti Akàrà-ògùn. Mélòó nínú wa ló ti rí i sójú? Orúkọ rẹ̀ kàn máa ń wà nísàlẹ̀ nínú àtòkọ ni, lẹ́yìn gbogbo iwin àti ẹbọra. Àwa lámèyítọ́ ti pinnu láàrin ara wa pé igbó tí iwin wà ni lítíréṣọ̀, pé ọkọ̀ ojú omi tí èrò wà kì í ṣe nǹkan kan. Èmi ò fara mọ́ ọn. Akàrà-ògùn náà, ẹ rántí, kì í kàn ṣe pé ó ń rìn kiri. Ọba ló rán òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí àlàáfíà ìlú. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n bá lọ! Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà FESTAC ní 1977, Láńgbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìtàn yẹn, ni Nàìjíríà gbé sórí ìtàgé. Orílẹ̀-èdè odindi ló rí ara rẹ̀ nínú ìrìnàjò ọdẹ méje.

Ẹni tí mo rò pé ó so okùn méjèèjì pọ̀ jù lọ láyé òde òní kò tilẹ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá, Ọlọ́run á dárí jì í. Wọlé Ṣóyínká kọ eré The Road ní 1965. Ọ̀nà inú eré yẹn ń jẹ èèyàn, Ògún wà ńbẹ̀, ẹ̀mí wà ńbẹ̀, gbogbo ohun tí akéwì inú ẹgbẹ́ wa ń wá ló wà ńbẹ̀. Ó tún yí Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ká ní ibẹ̀ ló dúró ni, à bá ní òun náà ti fi ọ̀nà wé ayé tán. Àmọ́ ní 1977 ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ̀wé pé ọ̀nà ń pa èèyàn tún jáde lọ síbi tí ọ̀nà ti ń pa èèyàn. Ohun tí mo ń pè ní lámèyítọ́ nìyẹn o, kì í ṣe èyí tí à ń ṣe nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí fáànù ò ti ń yí.

Wọ́n ti wá fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀ ojú irin Láderin ní Abẹ́òkúta báyìí. Ìyẹn mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù, àwọn orúkọ ojú irin. Rélùwéè àwọn òyìnbó láti Èkó dé Ìbàdàn ṣí ní 1901. Tuntun yìí, tó gùn tó kìlómítà 157, ṣí lóṣù Òkúdù 2021. Mo wọ̀ ọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó nígbà ìsinmi kan. Ẹ máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ mìíràn kẹ́ ẹ tó dé Mọníyà, nítorí ibùdó náà ò sí láàrin ìgboro. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣírò owó wò bóyá ó ṣì rọ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ. Fèrèsé ọkọ̀ náà kì í ṣí. Ẹ ò lè na ọwọ́ ra ẹ̀kọ, ẹ ò lè ra búrẹ́dì, ẹ ò lè bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Ó tutù, ó mọ́, gbogbo èrò tẹjú mọ́ fóònù. Ìgbafẹ́ ni lóòótọ́. Èmi náà gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó tì mí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé ibùdó, á kà á síta, á sì mi orí. Ìjọba ló fi orúkọ àwọn èèyàn ńlá pe àwọn ibùdó náà: ti Mọníyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Alágoméjì ní Èbúté Mẹ́ta ń jẹ́ Mọ́bọ́lájí Johnson. Nígbà tá a dé Kájọlà, ó ka orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pe ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

"Kájọlà ni, bàbá."

"Ṣé Kájọlà ò dùn tó ni?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, mo kàn ní, "Ó dùn, sà." Ó dùn lóòótọ́! Kí-á-jọ-là. Àdúrà odindi ni. Gbólóhùn méjì tí bàbá yẹn sọ jù gbogbo ewì òṣèlú tí mo gbọ́ lọ́dún yẹn lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbàdúrà kí Ọlọ́run bá wa mú ọ̀tá. Ó kàn béèrè orúkọ ilẹ̀. Ẹ sì lọ sí Mọníyà kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn kọndọ́ ń pè níta: "Mọníyà! Mọníyà wọlé o, ẹ mú ṣéńjì yín dání!" Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan pe Awólọ́wọ̀ wọlé. Èyí kì í ṣe àríwísí sí Olóyè Awólọ́wọ̀ o, ẹ má lọ gbé mi fún àwọn àgbà ilé wa. Ohun tí mò ń wí ni pé èdè ará ìlú ń jà lójoojúmọ́ lórí orúkọ ilé ara rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni pápá ìjà náà, akéwì tó jókòó sínú ọkọ̀ kan náà sì ń kọ "ayé ń yí lọ bíi rélùwéè" sínú ìwé rẹ̀.

Ewì jápa ńkọ́? Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ kíá, torí a ti gbọ́ ọ sú. Oríṣi méjì péré ló wà: "má lọ o" àti "ẹ jẹ́ n lọ o." Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tó gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Èrèlè sí oṣù Ọ̀wàrà 2022, ti ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ sọ́nà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni ìjọba Bìrìtìkó ti sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ewì ti wà nínú òfin yẹn ná: ìyàwó tó lọ nìkan, ọkọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọ obìnrin. Ta ló kọ ọ́? Gbogbo wa ń kọ "ilé làbọ̀ simi oko."

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ fún mi pé ìgbafẹ́ kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa kọ nígbà tí ìlú ń gbóná. Mo bi í pé níbo ló ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú. Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀. Ìdí ọpọ́n ayò ni. Ìdí ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ni, níbi tí àwọn tí kì í ra ìwé ìròyìn ti máa ń dúró láti àárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń jà lé e lórí bí ẹni pé wọ́n sanwó. Gba afẹ́ ni à ń pè ní gbafẹ́. Ẹni tí ara bá rọ̀ fún díẹ̀ ló ń ráyè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ìlú ṣe le tó, kó lọ wo iye èèyàn tó ṣì ń ráyè gbafẹ́. Mo gbà pé ọkàn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n irú ìrònú yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ewì wa máa pariwo.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà oníròyìn yẹn ti le díẹ̀ láti mú lò lónìí, èyí sì ń dà mí láàmú. Thomas lè kọ orúkọ ẹni tó gbà á lálejò àti ìlú tó fẹ́ lọ lẹ́yìn ibẹ̀. Àwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà 2022, àwọn agbébọn kọlu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ, oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà ni àwọn tó kù tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá rìnrìn àjò kì í gbé àwòrán sí fóònù títí á fi délé. Àbúrò mi kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé fún ẹnikẹ́ni àfi ìyá wa. Bí orúkọ bá jẹ́ ẹ̀mí irú àkọsílẹ̀ yìí, tí orúkọ sì ti di ewu, kí ni ká ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí kọ àrokò kan nípa Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ara wọn. Ẹ ó kà á láìpẹ́, bí owó fọ́tòkọ́pì bá jáde. Omi náà wà ńbẹ̀ o, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó gbé e lọ ló gba ìdajì àrokò náà, ọkùnrin kan tó mọ gbogbo ibi tó gbọ́dọ̀ ti san ẹ̀gúnjẹ lójú ọ̀nà, tó sì ń kà wọ́n bí ẹni ń ka oríkì. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún un pé òun máa kọ ọ́. Ó ní, "Àbúrò, kọ ọ́, àmọ́ má kọ orúkọ mi síbẹ̀ o. Àwọn tó ń dá wa dúró yẹn náà kàwé." Ọ̀rẹ́ mi yọ orúkọ rẹ̀, ó yọ àwọ̀ mọ́tò rẹ̀, ó yọ orúkọ gáréèjì. Ó fi iye ẹ̀gúnjẹ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ náà sì wà ńbẹ̀, ní ìlà kejì.